Ìṣirò Oúnjẹ Òòjọ́ fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Kí Ara Rẹ̀ Fúyẹ́

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó rù ni à ń bá kẹ́dùn, kì í ṣe ẹni tí ó sanra. Bí obìnrin kan bá ti ìdálẹ̀ padà dé sí Mọníyà tàbí Lálúpọn, tí egungun ọrùn rẹ̀ sì yọ, àwọn aládùúgbò yóò bi í léèrè bí ara rẹ̀ kò bá yá, wọn yóò sì máa wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò tọ́jú aya. Ẹni tí ara rẹ̀ kún ni a kà sí ẹni tí ayé yẹ. Nítorí náà ẹni tí ó bá dìde láti kọ́ni bí a ti í dín ìwúwo ara kù dà bí ẹni tí ń kọ́ni bí a ti í da owó nù.

Ṣùgbọ́n àwa mọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀, pé àwọn ìyá wa kan wà ní Akanran àti ní Ẹgbẹ́dá tí kò lè kúnlẹ̀ mọ́ nítorí orúnkún wọn. Àwọn bàbá wà pẹ̀lú tí wọ́n ń mí hẹlẹ kí wọ́n tó ti ojú ọ̀nà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Dókítà ti wí fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tàbí pé àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi kún un pé: "Ìyá, ẹ lọ dín ara yín kù." Gbólóhùn kan náà ni, kò sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá délé, ó fi àmàlà sílẹ̀ pátápátá, ó ń mu àgbo tí oníkiri tà fún un nínú mọ́tò, ó sì ń fi ebi sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ebi ṣẹ́gun rẹ̀. Ó padà sí oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́, ara rẹ̀ sì padà sí bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ìtìjú ti kún un. Àwọn ará ilé a wí pé kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ó wà lọ́kàn wa. Ìfẹ́ inú kò wọ́n an rárá. Ìṣirò ni ẹnikẹ́ni kò fi hàn án.

Ohun tí a ó máa ṣírò ni a ń pè ní kálórì. Òṣùwọ̀n ooru ni. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kọ́ńgò wọn gààrí, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi kálórì wọn iná tí ó fara pamọ́ sínú oúnjẹ. Kálórì kan, bí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti ń lò ó, ni ìwọ̀n ooru tí yóò mú kìlógíráàmù omi kan fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i. Ẹni tí ó bá bèèrè pé kí ni ó pa iná àti ara ènìyàn pọ̀, kí ó fi ọwọ́ kan ara ọmọ tí ó sùn; ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ooru náà kò ti ibì kankan wá bí kò ṣe inú oúnjẹ. Ní àkókò òtútù tí ó so 1782 mọ́ 1783, Antoine Lavoisier àti Laplace ní ilẹ̀ Faransé fi ẹranko kékeré kan sínú àpótí tí yìnyín yí ká, wọ́n wọn omi tí yìnyín náà yọ́ dà, wọ́n sì fi wé ti èédú tí ń jó. Wọ́n rí i pé èémí ẹranko àti jíjó èédú jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà ni W. O. Atwater, ní ìlú Middletown ní Amẹ́ríkà, kọ́ yàrá kékeré kan tí ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó máa jẹun, kí ó máa sùn, kí ó sì máa ṣiṣẹ́, tí a sì ń wọn gbogbo ooru tí ó ti ara rẹ̀ jáde.

Láti inú iṣẹ́ Atwater ni a ti rí àwọn ìwọ̀n mẹ́rin tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Gíráàmù kan nínú ohun tí í fún ni lágbára, bí ìyẹ̀fun àti ṣúgà, ní kálórì 4. Gíráàmù kan nínú ohun tí í mú ara dàgbà, èyí tí ó pọ̀ nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin, ní 4 pẹ̀lú. Ọtí líle ní 7. Ọ̀rá àti epo ní 9. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbàgbé 9 yìí, nítorí a ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Níbo ni ara ń ná kálórì wọ̀nyí sí? Ẹlòmíràn rò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ rẹ̀ kò sinmi. Èyí nìkan ni ó ń gba ìpín tí ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ni ara ń ná láti fi da oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Ìyókù ni ti rírìn, gbígbá ilẹ̀, ríro oko àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iye tí ara ń ná ní ìsinmi ṣeé ṣírò láìlo yàrá Atwater. Ní 1919, Harris àti Benedict ní Amẹ́ríkà tẹ ìlànà kan jáde fún un. Ní 1990, Mifflin, St Jeor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ òmíràn jáde, èyí tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù fún àwọn ènìyàn ìgbà ìsinsìnyí. Òun ni a ó lò. Nǹkan mẹ́ta ni ẹ ó mọ̀: ìwúwo yín ní kìlógíráàmù, gíga yín ní sẹ̀ntímítà, àti ọjọ́ orí yín. Okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò tó fún gíga, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ju sẹ̀ntímítà 150 lọ. Nítorí náà ẹ dúró ti ògiri láìwọ bàtà, kí ẹnìkan fi èédú sàmì sí orí yín, kí ẹ sì wọn ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ọjọ́ orí, ẹni tí a bí ní ọdún tí a kò kọ sílẹ̀ kí ó ṣe àfojúsùn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Bí ó bá fi ọdún 2 ṣì í, kálórì 10 péré ni àṣìṣe náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ó ní ìsọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Ẹgbẹ́dá. Ẹni ọdún 45 ni, ó ga ní sẹ̀ntímítà 160, ó sì wúwo ní kìlógíráàmù 88. A fi 10 sọ ìwúwo rẹ̀ di púpọ̀, ó di 880. A fi 6.25 sọ gíga rẹ̀ di púpọ̀, ó di 1,000. A pa méjèèjì pọ̀, ó di 1,880. Lẹ́yìn náà a fi 5 sọ ọjọ́ orí rẹ̀ di púpọ̀, ó di 225. A yọ ọ́ kúrò, ó ku 1,655. Nítorí pé obìnrin ni, a tún yọ 161, ó ku 1,494. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni, a kì bá tí yọ 161, ṣe ni à bá fi 5 kún un. Kálórì 1,494 yìí ni obìnrin náà yóò ná bí ó bá tilẹ̀ sùn ní gbogbo ọjọ́.

Ṣùgbọ́n kò sùn. Ó ń gbá ìsọ̀, ó ń gbé ẹrù kéékèèké, ó ń dáná. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé pè jọ ní 2001 fi lélẹ̀ pé kí a fi iye kan láàárín 1.40 àti 1.69 sọ iye ìsinmi di púpọ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, láàárín 1.70 àti 1.99 fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àti 2.00 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ le. A ó fún obìnrin onísọ̀ yìí ní 1.5. Ó di 2,241. Bí ó bá ní àbúrò tí ara wọn rí bákan náà, ọjọ́ orí wọn sì sún mọ́ra, tí ẹni náà ń ro oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ìjàyè, a lè fún un ní 1.8, kí tirẹ̀ sì di 2,689. Ìyàtọ̀ kálórì 448 ni ó wà láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí lójoojúmọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí irú ìyàtọ̀ yìí, inú wa dùn, a rò pé a ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ṣé kì í ṣe pé àwọn bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rin láti Ìbàdàn lọ sí abúlé, tí wọ́n ń ru kòkó bọ̀, tí àwọn ìyá wa ń gún iyán tí wọ́n sì ń lọ ata lórí ọlọ? Nísinsìnyí ọ̀kadà ń gbé wa dé ẹnu oko, ẹ̀rọ ń lọ ata. A ti fẹ́ wí pé ọ̀kadà ni ó mú wa sanra. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ìpínlẹ̀ wa yìí ni ó dá wa dúró.

Ní Ìgbò-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti láti Ìbàdàn wọn kálórì tí àwọn obìnrin abúlé ń ná lóòjọ́, wọ́n sì wọn ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dára púpọ̀. Wọ́n fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní omi mu, nínú èyí tí hydrogen àti oxygen rẹ̀ jẹ́ irú tí ó wúwo díẹ̀ ju ti omi lásán, tí kò sì ní ewu. Wọ́n sì ń gba ìtọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láti wo bí méjèèjì ti ń yára kúrò nínú ara. Oxygen ń bá èémí àti omi jáde, hydrogen ń bá omi nìkan jáde; ìyàtọ̀ wọn ni ó ń fi iye iná tí ara dá hàn. Obìnrin náà sì wà ní ilé rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2009. Àwọn obìnrin Maywood sanra ju ti Ìgbò-Ọrà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yọ ti ìtóbi ara kúrò, kálórì tí àwọn méjèèjì ń ná sórí iṣẹ́ kò yàtọ̀ síra. Nígbà tí a sì tẹ̀lé wọn fún ìgbà díẹ̀, iye tí ẹnìkan ń ná kò fi hàn rárá bóyá yóò sanra sí i tàbí yóò fọn.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé a kò gbọdọ̀ fi ọkàn tán iye ìsọdipúpọ̀ tí ẹnìkan yàn fún ara rẹ̀, nítorí olúkúlùkù ni ó gbà pé iṣẹ́ òun le. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín 1.5 àti 1.7, ẹ mú 1.5. Ó sì kọ́ wa pé ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Rírìn dára fún ọkàn àti fún ẹ̀jẹ̀, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó rìn láti ilé dé ọjà, tí ó sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó lè ti gba gbogbo ohun tí ó ná padà, kí ó tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwo oúnjẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà sí ni pé wọ́n ń fi ojú wọn òkèlè. Àmàlà púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi, omi kò sì ní kálórì kankan. Bí ìyá kan bá ro àmàlà rọ̀, tí ìyá kejì sì rò ó le, òkèlè méjì tí ó tóbi bákan náà kì í ṣe oúnjẹ kan náà. Nítorí náà èlùbọ́ ni kí ẹ wọ̀n, ní gbígbẹ, kí ó tó kan omi. Gíráàmù 100 èlùbọ́ gbígbẹ ní nǹkan bí kálórì 350. Gààrí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Fún àwọn oúnjẹ ilẹ̀ wa yòókù, E. B. Oguntona àti I. O. Akinyele ti kó iye wọn jọ sínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1995, ẹni tí ó bá rí i kí ó lò ó.

Obìnrin onísọ̀ wa ń fi gíráàmù 250 èlùbọ́ ro àmàlà ọ̀sán rẹ̀: kálórì 875 nìyẹn. Ọbẹ̀ tí ó bù sí i gbé ṣíbí ìjẹun epo mẹ́ta. Ṣíbí kan ń gba nǹkan bí gíráàmù 14. Ẹ rántí 9 tí a sọ. Ó sún mọ́ 120 fún ṣíbí kan, ó di 360. Ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kékeré kan lé e, nǹkan bí 150 tí ó jẹ́ ṣúgà lásán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,385, a kò sì tíì ka ẹja. Ẹ kíyè sí i pé a kò pè é ní wọ̀bìà. Àwo kan ni ó jẹ, bí gbogbo ènìyàn.

Kò sí ìdí kankan tí yóò fi sá fún àmàlà. Bí ó bá wọn èlùbọ́ 150, ó di 525. Bí ó bá fi epo ṣíbí kan se ìpín tirẹ̀, ó di 120. Bí ó bá fi omi dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ di 645. Ó ti dín 740 kù nínú oúnjẹ kan ṣoṣo, àmàlà sì wà lórí tábìlì. Kí ó bu ewédú tàbí ẹ̀fọ́ sí i ní ìlọ́po méjì láìfi epo kún un, nítorí ewé kò ní kálórì tí ó tó nǹkan, ó sì ń kún inú.

Ohun tí ó ń sá mọ́ ènìyàn lójú jù ni èyí tí a kì í jókòó jẹ. Gààrí tí a rẹ sínú omi tútù ní ọ̀sán gbígbóná, ènìyàn kà á sí ohun mímu. Ẹ̀pà tí à ń tú sẹ́nu nígbà tí oníbàárà kò sí, gíráàmù 50 rẹ̀ sún mọ́ kálórì 285. Àjẹkù ọmọ tí ìyá kò fẹ́ kí ó ṣòfò. Àkàrà tí ó ń tọ́ wò bí ó ti ń dín in. A mọ obìnrin kan tí ó wí pé òun kì í jẹun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, òtítọ́ ni ó sì ń sọ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń jókòó. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìsọ̀ yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè àwọn oníbàárà. Ẹ kọ ti ọjọ́ ìkórè àti ti ìgbéyàwó náà, kí ẹ má ṣe fo Sátidé.

Nísinsìnyí, èló ni kí a dín kù? Kìlógíráàmù ọ̀rá kan lára ènìyàn tó nǹkan bí kálórì 7,700. Bí obìnrin wa bá yọ 500 kúrò nínú 2,241, ó ku 1,741. 500 ní ọ̀nà ọjọ́ 30 jẹ́ 15,000, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 2 lóṣù. Lórí ìwé nìyẹn. Ara kì í ṣe òkúta: bí ó ti ń fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń ná ń dín kù. Bí ó bá dé kìlógíráàmù 80, kí ó tún ìṣirò náà ṣe. Yóò rí 1,414 fún ìsinmi àti 2,121 fún òòjọ́. Bí ó bá ṣì ń jẹ 1,741, kì í ṣe 500 ni ó ń dín mọ́, 380 ni. Nítorí ìdí èyí ni ìwúwo fi ń lọ sílẹ̀ kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń lọ́ra lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò mọ̀ èyí yóò rò pé ẹnìkan ń ṣe òun, tàbí pé àgbo oníkiri ni ó dára jù.

Ó ní ààlà. Obìnrin kí ó má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ 1,200, ọkùnrin kí ó má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ 1,500, bí kò bá sí lábẹ́ ojú dókítà. Aláboyún àti abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ dá irú ìṣirò yìí lé rárá. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kí ó kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ han dókítà, nítorí bí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò sì dín kù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já lulẹ̀ lójijì kí ó sì dákú. Ẹni tí ó ń rù láìṣe nǹkan kan, kí ó má ṣe yọ̀. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kan sì wúwo lọ́kàn wa ju gbogbo èyí lọ. Ní 1959, B. M. Nicol tẹ ìwádìí kan jáde lórí kálórì tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà nílò. Ìbéèrè ìgbà náà ni pé, ǹjẹ́ oúnjẹ àgbẹ̀ tó fún iṣẹ́ rẹ̀? Ìbéèrè náà kò tíì kú. Nínú ilé kan náà lónìí, ní Akínyẹlé tàbí ní Ọ̀nà-Àrà, ẹ lè rí ìyá tí ó sanra jù àti ọmọ tí kò tóbi tó ọjọ́ orí rẹ̀. Epo tí ìyá bá yọ kúrò nínú ìpín tirẹ̀, kí ó má ṣe yọ ọ́ nínú ti ọmọ. Nítorí náà ọbẹ̀ kí ó jẹ́ ìkòkò kan, kí epo inú rẹ̀ má pọ̀. Kí a bu ti ìyá sọ́tọ̀ kí ọwọ́ tó kan àwo, kí a sì fi ṣíbí epo kan àti ẹyin tàbí ẹja kún ti ọmọ.

Ní ti ìwúwo yín, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà, ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fífúyẹ́. Òṣùwọ̀n wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré wa. Kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Má ṣe wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, nítorí omi àti iyọ̀ lè mú un gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ní kìlógíráàmù kan láàárín alẹ́ àti òwúrọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí kò sì yẹ̀, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín padà sí ojú ewé tí ẹ kọ ẹ̀pà àti gààrí tútù sí.